Ìmọ̀ràn: Kí ni kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ wò bó bá ń tú ìtàn àròsọ palẹ̀?

Tíṣà Òkè-Ìlewò: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Lítíréṣọ̀ ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ SS2 l'Ábẹ́òkúta níbí. Bí mo bá ní kí wọ́n tú ìtàn palẹ̀, ṣe ni wọ́n á tún un sọ látòkèdélẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìperí wo ni kí n kọ́kọ́ fi lé wọn lọ́wọ́?

Ọmọ Lísàbí: Ẹ fi asọ̀tàn bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sì mọ̀ pé òǹkọ̀wé kọ́ ni asọ̀tàn. Ẹ wo lẹ́tà Ṣẹ̀gilọlá, ìtàn àròsọ kan tó jáde nínú ìwé ìròyìn Akéde Èkó láti 1929. Obìnrin ni "èmi" inú rẹ̀, ọkùnrin ni I. B. Thomas tó kọ ọ́. Ọmọ tó bá kọ "òǹkọ̀wé kábàámọ̀ ìgbésí ayé rẹ̀" ti di ẹrù ẹlẹ́rù lé e lórí.

Ẹ kọ èyí sójú pátákó: "Mo sá àdìrẹ náà sórí okùn. Ìyálé mi wò mí, ó rẹ́rìn-ín." Asọ̀tàn ojú-mi-ló-ṣe nìyẹn, ẹni tó ń fi "mo" ròyìn ohun tó ṣojú rẹ̀. Ẹ wá yí i padà: "Àbẹ̀kẹ́ sá àdìrẹ náà sórí okùn. Ìyálé rẹ̀ wò ó, ó rẹ́rìn-ín. Ó mọ̀ pé aṣọ náà kò tíì mu aró." Asọ̀tàn arínúróde ni èyí, torí ó mọ ohun tó wà lọ́kàn ìyálé. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n dúró sórí "mo" àti "ó" nìkan. Nínú ti àkọ́kọ́, a ò mọ ohun tí Àbẹ̀kẹ́ kò mọ̀. Nínú ìkejì, a ti mọ̀ ṣáájú rẹ̀, ọkàn wa ò sì balẹ̀ mọ́. Ibẹ̀ ni ìfojúsọ́nà ti wọlé.

Abẹ́-Olúmọ: Òótọ́ ni. Ahunpọ̀ ìtàn, ìyẹn bí a ṣe to ìṣẹ̀lẹ̀ pọ̀ nínú ìtàn, ló kàn. Kí wọ́n fa ìlà méjì. Sórí ti òkè, ìṣẹ̀lẹ̀ bó ṣe ṣẹlẹ̀ tẹ̀léra, 1 sí 5. Sórí ti ìsàlẹ̀, bí asọ̀tàn ṣe tò ó. Bó bá jẹ́ 4, 1, 2, 3, 5, ìpadàsẹ́yìn, ìyẹn pípadà sí ohun tó ti ṣẹlẹ̀ ṣáájú, bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn 4. Kí wọ́n wá béèrè ohun tí ìtàn náà ìbá pàdánù ká ní 1 ló ṣíwájú. Ìdáhùn yẹn gan-an ni ìtúpalẹ̀. Bí asọ̀tàn bá ju ẹyọ kan lọ, ẹ kíyè sí i: nínú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ (1938) tí Fágúnwà kọ, ẹni tó ń kọ ọ́ sílẹ̀ ní "mo" tirẹ̀, Àkàrà-ògùn tó ń ròyìn náà ní tirẹ̀.

Akọ̀wé Ìbarà: Ẹ fi ọnà èdè sẹ́yìn. "Òǹkọ̀wé lo àfiwé tààrà" kò tíì sọ nǹkan kan. Kí wọ́n fa gbólóhùn náà yọ, kí wọ́n dárúkọ ọnà èdè náà, kí wọ́n sọ iṣẹ́ tó ṣe. "Òjò ń lu páànù bí agbowó-orí tó ń kan ilẹ̀kùn." Àwọn kan á pè é ní ìfohunpènìyàn, ìyẹn fífi ìwà ènìyàn fún ohun tí kì í ṣe ènìyàn, ṣùgbọ́n "bí" wà níbẹ̀, àfiwé tààrà ni. Iṣẹ́ rẹ̀ ńkọ́? Bí baálé ilé bá jẹ gbèsè, ẹ̀rù rẹ̀ ni òjò yẹn gbé wá.

Tíṣà Òkè-Ìlewò: Ẹ ṣé gan-an. Mélòó ló tó fún táàmù kan?

Ọmọ Lísàbí: Mẹ́fà: asọ̀tàn, ẹ̀dá ìtàn, ahunpọ̀, ibùdó ìtàn (ibi àti àkókò tó ti wáyé), ìfojúsọ́nà, kókó ọ̀rọ̀. Ìtàn kúkurú olójú ìwé méjì kan náà ni kí ẹ fi kọ́ gbogbo wọn. Bí ẹ bá ń pààrọ̀ ìtàn, ìtàn tuntun ni wọ́n á máa gbájú mọ́.