Àbájáde ìbéèrè mi lórí bí fáìlì kan yóò ṣe máa pe òmíràn nínú èdè CAD wa

Mo ti béèrè bí ó ṣe yẹ kí fáìlì kan máa pe òmíràn nínú èdè kékeré tí à ń kọ fún yíya ẹ̀yà ẹ̀rọ lórí kọ̀ǹpútà, àwọn tó dáhùn sì ní kí n kọ́kọ́ wo OpenSCAD, èdè kan tó ti wà fún irú iṣẹ́ yìí, dáadáa. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti yanjú.

Nínú OpenSCAD, `include` dà bí ẹni pé a da gbogbo fáìlì kejì kọ sínú tiwa. Ní ti `use`, ó ń kó module (àkójọ àṣẹ tó ń ya ẹ̀yà kan) àti function (ìṣirò tó ń dá iye padà) nìkan wọlé, kì í ya àwòrán inú fáìlì náà, kì í sì í kó àwọn iye inú rẹ̀ wá. Bí ideri.scad bá sọ pé `sisanra = 2;`, tí mo sì kọ `sisanra = 5;` sábẹ́ `include`, ideri náà yóò nípọn ní 5, torí pé iye tí a kọ kẹ́yìn ló ń borí. Èyí wúlò fún ẹni tó ń dá ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n níbi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti jọ ń kọ ọ́, ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí gidigidi.

Ìlànà `use` ni a mú fún èdè tiwa, a sì fi orúkọ kún un: `use "ideri" as i;`, kí ẹni tó bá fẹ́ kí ideri nípọn sí i kọ `i.ideri(sisanra = 5)`. Bí fáìlì méjì bá ń pe ara wọn, iṣẹ́ yóò dúró, a ó sì dárúkọ àwọn méjèèjì fún ẹni tó kọ wọ́n.