Èsì: Ta ni ń jẹ́ "òǹkewì"?

Ẹ̀gbọ́n wa ní Ṣágámù, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀yin tó kù náà, mo kí yín.

Láti ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n ti gbé "òǹkewì" jáde, pé òun ni kí á máa pe ẹni tó ń ka ewì fún ìgbádùn ara rẹ̀, tí kì í ṣe olùkọ́, tí kì í sì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́, gbogbo yín ti ń pàtẹ́wọ́. Èmi ò ní pàtẹ́wọ́. Ọ̀rọ̀ náà ń han mí létí ni.

Mo gbà pé gírámà rẹ̀ pé. "Kà" olóhùn ìsàlẹ̀ ni, ṣùgbọ́n bó bá ti rí ọ̀rọ̀-orúkọ níwájú, ohùn rẹ̀ á gòkè sí àárín, fáwẹ́lì rẹ̀ á sì pa jẹ: ka ewì, kewì. Ẹ lẹ "òǹ-" mọ́ ọn, ó di òǹkewì. Ó dáa. Àmọ́ kí ni akéwì ń ṣe? Ó ń ké ewì ni. Ẹni tó ń ké e àti ẹni tó ń kà á, ohùn kan ṣoṣo lórí "e" ló wá là wọ́n láàárín. Láti 1927 tí Dénrelé Ọbasá ti tẹ ìwé tó pè ní ti àwọn akéwì jáde n'Ìbàdàn, ọ̀rọ̀ yẹn ti fìdí múlẹ̀. Ẹ wá kọ́ ilé tuntun tì í, ẹ ò fi àlàfo ẹsẹ̀ kan sílẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n ní "a-" ló wà lára akéwì, "òǹ-" ló wà lára tòun, nítorí náà wọn ò lè dà pọ̀. Háà! Akọ̀wé àti òǹkọ̀wé ńkọ́? Ẹnu àwa tí à ń sọ èdè ló fi ọ̀kan sí ọ́fíìsì, tó sì ní kí èkejì máa kọ ìtàn. "Òǹ-" fúnra rẹ̀ kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Bí ẹnì kan bá jí lọ́la tó ní òǹkéwì lòun ń jẹ́, pé akéwì ti wọ́pọ̀ jù, kí lẹ máa fi dá a lẹ́kun?

Àbúrò tó kọ̀wé láti Ìkẹ́nnẹ́ ní àmì ohùn kan kì í dẹ́rù ba Yorùbá, ó sì fi ewì Ọdúnjọ tí gbogbo wa kọ́ sórí nínú Aláwìíyé ṣe ẹ̀rí: iṣẹ́ loògùn ìṣẹ́. Àpẹẹrẹ gidi ni, àmọ́ èmi ló ń gbè lẹ́yìn. Gbólóhùn yẹn fúnra rẹ̀ ti sọ èwo ni èwo, torí kò sí ẹni tó ń fi ìṣẹ́ wo iṣẹ́ sàn. Àwọn méjì tiwa yìí ńkọ́? Òǹkewì dé, òǹkéwì dé. Èwo ló dé? Lórí fóònù tí a sì fi ń kọ̀wé, mélòó nínú wa ló ń ráyè àmì? Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o, nínú lẹ́tà yín tó kẹ́yìn, kò sí àmì kankan àfi lórí òǹkewì yẹn nìkan.

Ibi tó ti ń dùn mí gan-an nìyí: ta ló ń ka ewì Yorùbá láìfọhùn? Aránṣọ ni mí n'Ìjẹ̀bú-Òde. Bí Iléyá bá ku díẹ̀, tí aṣọ àwọn regbérégbé fún Ojúde Ọba bá kún ilẹ̀, ìwé ewì máa ń wà ní ṣíṣí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ mi. Èyí tí mo bá fi ojú lásán kà, mi ò kì í rí nǹkan mú níbẹ̀. Ìgbà tí mo bá sọ ọ́ jáde lẹ́nu ni mo tó ń mọ ibi tí akéwì ti fi ohùn ìsàlẹ̀ dá ohùn òkè lóhùn. Nígbà míì, ìtumọ̀ ò tíì yé mi tí etí mi ti gbà á. N ó padà sí i lọ́jọ́ mìíràn, ọ̀rọ̀ kan á là, ìyókù á tẹ̀ lé e. Àwọn ọmọ ilé-kéwú ẹ̀yìnkùlé wa náà kì í fi ojú ka wàláà. Ìyá tó bí ìyá mi ò mọ lẹ́tà kan, síbẹ̀ bí wọ́n bá ń ki oríkì, òun ló máa ní "ìyẹn ò balẹ̀, ẹ tún un pè." Òǹkewì lẹ máa pè é ni?

Ìdí nìyẹn tí "ìmọrírì ewì" tí olùkọ́ kan mú wá síbí láti fi pe irú kíkà bẹ́ẹ̀ ò fi wọ̀ mí lára. Ẹni tó dúró lókèèrè tó ń díye lé ọjà ni ìmọrírì yẹ. A ti ní gbádùn. Gbọ́ adùn ni, etí ló wà níbẹ̀.

Kí á wá pè é ní kí ni? Òǹkàwé ni kó máa jẹ́. Bó bá pọn dandan, òǹkàwé ewì. "Òǹgbéwì" tí àǹtí wa n'Ìjẹ̀bú-Igbó dá lábàá dùn mọ́ mi nítorí "gbọ́" tó wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ló máa rò pé ẹni tó gbé ewì sá lọ ni.

Àǹtí yìí kan náà ló ní orin ni Hàrúnà Ìṣọ̀lá, olórin àpàlà, kọ, pé kò kan ewì. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó, ìlú Hàrúnà fúnra rẹ̀, ló ń sọ bẹ́ẹ̀! Baba ti kú láti 1983, àwọn tó há gbólóhùn rẹ̀ sórí láìsí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, láìsí ìlù, ṣì wà káàkiri. Mo ń bọ̀ lórí ìyẹn. Ẹni tó sì kọ ọ́ pé ará Ọ̀yọ́ ló ni ewì, pé owó ni Ìjẹ̀bú mọ̀ ọ́n kà, mo ti rí yín.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣe ohun kan fún mi. Ẹ kọ gbólóhùn kan tí òǹkewì wà nínú rẹ̀, láìfi àmì sí i, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí ọmọ yín tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, kó kà á sókè sí yín létí. Ohun tó bá pè, kí ẹ wá sọ fún wa níbí.

Àbúrò yín, aránṣọ Ìjẹ̀bú-Òde