Ta ni rule engine ti ṣi ìṣirò fún rí?

Akọ̀fin: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo kọ 10 - 3 + 2 sínú òfin kan nínú rule engine wa níbi iṣẹ́ (ètò kọ̀ǹpútà tó ń tẹ̀ lé òfin téèyàn bá kọ sí i), 5 ló gbé jáde. 9 ló yẹ kó jẹ́. Ta ló ti rí irú ẹ̀ rí?

Oníparser: Ọ̀tún ló ti ń ṣe é bọ̀. Ó kọ́kọ́ ro 3 mọ́ 2, ó wá yọ 5 kúrò nínú 10. Ẹ lè fi 2 + 3 + 4 dán an wò títí ilẹ̀ á fi ṣú, kò ní hàn, torí ibi yòówù kó ti bẹ̀rẹ̀, 9 náà ni.

Onítábìlì: Tiwa, láti inú Excel la ti kó àwọn òfin yẹn wá. =-2^2 lọ́hùn-ún (^2 ni pé ká fi nọ́ńbà sọ ara rẹ̀ di púpọ̀), 4 ni. Inú engine tuntun, -4. Àwọn tó ń ṣírò owó ló kọ́kọ́ figbe ta.

Ṣé-Lóòótọ́: 4 kẹ̀?

Onítábìlì: Ẹ tẹ̀ ẹ́ wò. Excel á kọ́kọ́ so àmì àyọkúrò yẹn mọ́ 2 kó tó kan ^. Nínú àwọn èdè kóòdù, Python ní -4. JavaScript ò tiẹ̀ ní gba -2**2 (bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ níbẹ̀) rárá àfi tẹ́ ẹ bá fi àkámọ́ sí i, ohun tó sì yẹ kí gbogbo wọn máa ṣe nìyẹn.

Onídátà: Ti nọ́ńbà ṣì sàn. Ẹnì kan níbi iṣẹ́ wa kọ `àgbà OR akẹ́kọ̀ọ́ AND ti_san`. AND (àti) ló máa ń ṣáájú OR (tàbí) nínú SQL, èdè tá a fi ń béèrè dátà, bẹ́ẹ̀ náà ni nínú engine yẹn. Gbogbo àgbà wọlé láìsan kọ́bọ̀.

Smalltalk-Ni-Tèmi: Kí ló burú nínú kéèyàn máa ṣe é láti òsì lọ? 2 + 3 * 4 nínú Smalltalk (èdè kóòdù ni), 20 ni. Òfin kan ṣoṣo, ó parí.

Onídátà: Ẹni tó ń kọ òfin yìí kì í ṣe akóòdù o! Akọ̀wé owó ni. 14 ni wọ́n kọ́ ọ nílé ìwé. Ẹ fẹ́ kó lọ kọ́ ìṣirò tuntun nítorí ẹ̀rọ ni?

Smalltalk-Ni-Tèmi: Kó fi àkámọ́ sí i nígbà náà.

Onídátà: Báwo ló ṣe máa mọ̀ pé ó yẹ kóun fi í sí i?

Ṣé-Lóòótọ́: Mo ti tẹ̀ ẹ́. 4 ni lóòótọ́. Háà.

Akọ̀fin: Ẹ ṣé o, (10 - 3) + 2 ti di 9. Àmọ́ 24 / 4 / 2 tún ń fún mi ní 12.

Oníparser: Àrùn kan náà ni. 3 ló yẹ kó jẹ́. Gbogbo òfin tí àmì mìíràn bá ti tẹ̀ lé - tàbí /, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, pàápàá èyí tó kan owó.