Kóòtù àti súwẹ́tà owó àárín: ẹ wá sọ ohun tójú yín rí

Àkàndé_Bódìjà
Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ojúmọ́ o. Ní 2021 àbúrò mi ń gbéyàwó, mo ní n ò ní wọ aṣọ ẹbí lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, súùtù ni màá wọ̀. Mo forí lé Gbági, ẹni tó ń taṣọ búra fún mi pé kaṣimíà gidi ni, wọ́n tiẹ̀ kọ ọ́ sétí aṣọ ní lẹ́tà wúrà pé Super 150, Made in Italy. Aṣọ àti owó télọ̀ pa pọ̀ jẹ́ ₦45,000, kì í ṣe owó kékeré lápò mi nígbà yẹn. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, ẹ ò ní gbà mí gbọ́, àwọn èèyàn ń kí mi ju ọkọ ìyàwó lọ. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mo gbé e fún alágbàfọ̀. Ìgbà kejì tó dé, àyà kóòtù ti lé ròrò látòkè délẹ̀ bí ara ẹni tí omi gbígbóná dà sí. Alágbàfọ̀ ní òun kọ́, télọ̀ ní òun kọ́, aláṣọ ò tiẹ̀ gbé ìpè mi mọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ra irú aṣọ tí kò wọ́n jù tí kò pọ̀ jù yìí, kí lojú yín rí? Báwo lẹ ṣe ń mọ èyí tó dáa kẹ́ ẹ tó sanwó?

Ọ̀rẹ́_Aláṣọ
Kaṣimíà. Ní Gbági. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ jẹ́ n mumi ná.

Télọ̀_Mushin
Ẹ̀gbọ́n Àkàndé, ẹ má bínú, ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń ránṣọ, òótọ́ ni n ó sọ fún yín. Alágbàfọ̀ jẹ̀bi díẹ̀, télọ̀ yín náà jẹ̀bi díẹ̀. Gum stay, aṣọ inú tó ń mú àyà kóòtù le, ló wà láyà kóòtù yẹn. Ojú ẹ̀ kan ní gọ́ọ̀mù, a ó tẹ́ ẹ sẹ́yìn aṣọ yín, a ó fi áyọ́ọ̀nù tẹ̀ ẹ́, gọ́ọ̀mù á yọ́, á lẹ̀ mọ́ ọn. Tí gọ́ọ̀mù yẹn ò bá dáa, tàbí tí NEPA múná lọ nígbà tí áyọ́ọ̀nù ò tíì gbóná tó, tí ọmọ iṣẹ́ sì ń kánjú, ibì kan á lẹ̀, ibì kan ò ní lẹ̀, ooru alágbàfọ̀ lá wá tú àṣírí. Èyí tí kì í lé ròrò ni èyí tá a fi canvas ṣe, aṣọ inú tí irun ẹṣin wà nínú híhun ẹ̀, ọwọ́ la fi ń rán an mọ́ aṣọ. Ṣùgbọ́n àyà kóòtù kan péré lè gbà mí ní ọjọ́ kan àtààbọ̀ o. Nínú ₦45,000 tí owó aṣọ ṣì wà nínú ẹ̀, èwo lẹ rò pé n ó ṣe?

Tó bá jẹ́ èyí tí wọ́n ti rán sílẹ̀ lẹ fẹ́ rà, ẹ fi ìka mú iwájú kóòtù nísàlẹ̀ bọ́tìnnì tó gbẹ̀yìn, ẹ fa aṣọ òde àti aṣọ inú kúrò lára ara wọn, kẹ́ ẹ máa yí i láàárín ìka. Tọ́wọ́ yín bá ba nǹkan kẹta tó ń rìn lóun nìkan láàárín wọn, canvas nìyẹn. Tó bá jẹ́ méjì péré lọ́wọ́ yín bà, tí tòde sì le gan-n-gan, gọ́ọ̀mù ni. Àwọn kan máa ń fi canvas sáyà nìkan, gọ́ọ̀mù nísàlẹ̀. Ìyẹn náà ò burú, ẹ ṣáà yẹ àyà ẹ̀ wò bákan náà.

Màámi_Peckham
Ẹ̀yin télọ̀! Nígbà tẹ́ ẹ bá ń gbowó, ẹ ò ní sọ nǹkan kan. Tí aṣọ bá bàjẹ́ tán lẹ tó máa wá di olùkọ́.

Télọ̀_Mushin
Mà, tí mo bá ní canvas ni, ₦120,000, wọ́n á ní olè ni mí, wọ́n á sọdá sí ṣọ́ọ̀bù kejì.

Aláìgbàgbọ́
Gọ́ọ̀mù ò kàn mí. Kí télọ̀ ṣáà má purọ́ ọjọ́ fún mi. "Ẹ wá gbà á ní Fúráìdé", aṣọ ṣì wà nínú ọ̀rá tí mo fi gbé e wá.

Ọ̀rẹ́_Aláṣọ
Kò tíì gé e o. Á ní bọ́tìnnì ló kù.

Ará_Leeds
Èmi ò rán tèmi rárá, ṣọ́ọ̀bù ni mo ti rà á, ní Leeds níbí, wọ́n kọ £380 sí i, wọ́n fagi lé e, wọ́n kọ £210 sábẹ́ ẹ̀, ojú mi bá ṣú. Mo mọ̀ pé Huddersfield tí wọ́n ti ń hun aṣọ wúùlù láti ayébáyé ò jìnnà sọ́dọ̀ mi, mo ní bóyá ibẹ̀ náà ni aṣọ yìí ti wá, n ò tiẹ̀ yí ìwé inú ẹ̀ wò, ìgbà tí mo délé ni mo rí i pé polyester, òwú àtọwọ́dá, ló pọ̀ jù nínú ẹ̀. Ìyẹn gan-an kọ́ ló dùn mí. Èjìká ni. Ikùn mi ti ń yọ díẹ̀, 40, ìyẹn ìwọ̀n àyà ní íǹṣì, kò sé, ni mo bá mú 42, ó sé wẹ́kú, mo wo ara mi nínú dígí, mo rẹ́rìn-ín, mo sanwó. Ìyàwó mi ló ní kí n fẹ̀gbẹ́ kọ ògiri, kí n rọra máa sún mọ́ ọn. Páàdì èjìká kan ògiri, apá mi ò tíì kàn án, àlàfo tó wà níbẹ̀ á gba ìka méjì. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ará Tọ́kì kan tó ń tún aṣọ ṣe, ó wò mí, ó mirí, ó ní ikùn lòun lè bá mi tú tàbí kóun fún un, apá lòun lè gé, àmọ́ ẹni tó bá ní kóun tún èjìká ṣe, kóòtù tuntun ló ní kóun rán. Mo ní kó ṣáà gbìyànjú. £90. Kọ́là ẹ̀ wá ń gbé kúrò lọ́rùn mi lẹ́yìn bíi pé ọlọ́pàá fẹ́ẹ́ wọ́ mi lọ.

Aláìgbàgbọ́
Ṣé kì í ṣe pé o kàn sanra ni?

Ará_Leeds
Mo sanra. Èjìká mi ò sanra. Ohun tí mò ń sọ gan-an nìyẹn.

Télọ̀_Mushin
40 ló yẹ kẹ́ ẹ rà, kẹ́ ẹ ní kí wọ́n tú ikùn ẹ̀ sílẹ̀. Aṣọ sábà máa ń ṣẹ́kù nínú ojú ìrán ẹ̀yìn. Ẹ sì ṣọ́ra fún kóòtù tí ojú bọ́tìnnì ọwọ́ ẹ̀ bá là gidi, tí kì í ṣe òwú lásán ni wọ́n fi yà á síbẹ̀. Ó rẹwà, àmọ́ tí ọwọ́ ẹ̀ bá gùn jù fún yín, ọ̀ràn dé, kò ṣeé gé látìsàlẹ̀ mọ́.

Ọmọ_Ìṣẹ́yìn
Ẹ ò tíì sọ̀rọ̀ ìdí. Súùtù òyìnbó, tí àyà ẹ̀ bá jẹ́ 40, ṣòkòtò ẹ̀ á jẹ́ 34, íǹṣì mẹ́fà ni wọ́n máa ń fi sáàárín wọn, ta ló sọ fún wọn pé bí wọ́n ṣe bí wa nìyẹn? Ibi tí wọ́n là lẹ́yìn kóòtù mi, ṣe ló ń ṣí gbayawu bí ìlẹ̀kùn dánfó. Mo bá ọ̀gá mi jókòó ní mítìn-ìn, mo gbọ́ pàrà nísàlẹ̀. N ò dìde títí gbogbo wọn fi lọ.

Màámi_Peckham
Mo kú o. Ìdí ọkọ mi gẹ́lẹ́ nìyẹn. Ibi tí wọ́n ti ń ta kóòtù lọ́tọ̀, ṣòkòtò lọ́tọ̀, ni mo ń mú un lọ báyìí: kóòtù 40, ṣòkòtò 38, wọ́n á wá fún ìbàdí ẹ̀ wọlé. Àlàáfíà wà.

Ará_Leeds
Pàrà wo? Ṣé ti àárín ni àbí ti ẹ̀gbẹ́?

Ọmọ_Ìṣẹ́yìn
Àárín. Má jẹ̀ẹ́ ká sọ ọ́ mọ́. Látìgbà yẹn agbádá ni mò ń wọ̀ ní tèmi, atẹ́gùn ń wọlé, atẹ́gùn ń jáde, kò sí wàhálà èjìká, kò sí wàhálà ìdí.

Télọ̀_Mushin
Ta ló ní agbádá ò ní wàhálà èjìká? Tí ọrùn ẹ̀ bá fẹ̀ jù, á máa yọ̀ lọ sẹ́yìn. Àwọn tẹ́ ẹ máa ń rí lóde àríyá tí wọ́n ń gbé e léjìká ní gbogbo ìṣẹ́jú, ẹ rò pé fáàrí ni wọ́n ń ṣe, aṣọ ló ń sá kúrò lára wọn.

Ọmọ_Ìṣẹ́yìn
Fáàrí ni tèmi o.

Dékúnlé_Ọ̀ṣódì
Ẹ padà sórí wúùlù jàre. Mo ní ọ̀nà kan, iná ni. Ẹ fa òwú kan yọ létí aṣọ, ẹ ṣáná sí i. Wúùlù á rùn bí ìgbà téèyàn ń wí adìẹ, iná ẹ̀ á kú fúnra ẹ̀, eérú ẹ̀ á rún mọ́ yín lọ́wọ́. Polyester á yọ́, á dì bí ìlẹ̀kẹ̀ dúdú kékeré tó le koko. Mo ṣe é ní Balógun lójú ẹni tó ń tà á fún mi, ó fariwo ta, ó ní mo fẹ́ jó ọjà, àwọn ọmọ ọjà ti yí mi ká kí n tó mọ nǹkan tó ń ṣẹlẹ̀.

Aláìgbàgbọ́
Balógun tó jóná ní 2019, ìwọ wá ṣáná síbẹ̀, o sì wà láàyè tó o ń tẹ fóònù. Irọ́ ni.

Dékúnlé_Ọ̀ṣódì
Mo ní lójú ẹni tó ń tà á, n ò ní nínú ṣọ́ọ̀bù. Etí gọ́tà ni.

Aláìgbàgbọ́
Ó ti ń yí ìtàn padà.

Ọ̀rẹ́_Aláṣọ
Mo ti mumi tán. Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ torí aṣọ ni mò ń tà, kì í kúkú ṣe ní Gbági. Nọ́ńbà Super yẹn, bí irun àgùntàn ṣe tín-ín-rín sí ló ń sọ. Super 100, irun ẹ̀ ò gbọdọ̀ nípọn ju máíkírọ́ọ̀nù (ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà) 18.75 lọ, Super 150, 16.25. Bí nọ́ńbà bá ṣe ń ga ló ṣe ń rọ̀ sí, ìyẹn ò sọ pé ó lágbára. Ẹni tó ń wọ BRT lójoojúmọ́ tó lọ ra Super 150 gidi, kí ọdún tó yí po, ìdí ṣòkòtò ẹ̀ á ti máa dán bí ìsàlẹ̀ ìkòkò. 100 tàbí 110 ni kó rà. Lẹ́tà wúrà etí aṣọ ńkọ́? Ẹ̀rọ ló ń kọ ọ́, ohun tí wọ́n bá sì ní kó kọ náà ló máa kọ. "Kaṣimíà" ọjà wa, orúkọ ni, bí ẹni sọ ọmọ ẹ̀ ní Olówó. Kaṣimíà gidi, irun abẹ́ irun ewúrẹ́ ni, Ṣáínà àti Mòngólíà ló pọ̀ sí jù, níbi tí òtútù ti ń pa wọ́n. Wọ́n á ya irun yẹn ní ìyàrun, tí wọ́n bá ṣà á mọ́ tán, ewúrẹ́ kan lè má fún wọn ju nǹkan bíi gíráàmù 150 sí 200 lọ lọ́dún. Ewúrẹ́ wo ló wá wà ní ₦3,000 yáàdì kan?

Ará_Leeds
Ewúrẹ́ Gbági.

Màámi_Peckham
Èyí tó ń jẹ èèpo iṣu lẹ́yìn ọjà.

Àkàndé_Bódìjà
Mo rí yín o. Ẹ máa fi mí ṣeré.

Màámi_Peckham
Má bínú, àbúrò. Kí n sọ tèmi náà kẹ́ ẹ lè rẹ́rìn-ín mi padà. Ọkọ mi ra súwẹ́tà wúùlù merino, dúdú aró, £85, ó ń tọ́jú ẹ̀ bí ẹyin. Mo rí i nínú agbọ̀n ìfọṣọ, mo dà á mọ́ tówẹ́ẹ̀lì, mo tẹ maṣíìnì sí 60. Ohun tó jáde níbẹ̀ nípọn bí ẹní, ó sì ti kéré. Ọmọ mi ọkùnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún márùn-ún ló ń wọ̀ ọ́ báyìí, ó wẹ́kú ara ẹ̀, èjìká ẹ̀ tiẹ̀ jókòó ju ti kóòtù Ará_Leeds lọ.

Ará_Leeds
Kí ni mo ṣe fún yín?

Dékúnlé_Ọ̀ṣódì
Kí ni ọkọ yín sọ?

Màámi_Peckham
Kò sọ nǹkan kan. Ọjọ́ mẹ́ta.

Ìyá_Súwẹ́tà
Ẹ kú ìjókòó o. Èmi ní maṣíìnì ìhun níbí ní Ìbàdàn, súwẹ́tà ilé ìwé ni mò ń hun. Acrylic, òwú àtọwọ́dá, là ń lò fáwọn ọmọ torí bí ìyá wọn bá tiẹ̀ fi Omo gbo ó títí, kò ní sunkì. Tó bá jẹ́ ti àgbà lẹ fẹ́ rà, ẹ yí inú ẹ̀ síta. Tẹ́ ẹ bá rí i pé ṣe ni wọ́n gé e bí aṣọ yáàdì, tí wọ́n wá fi maṣíìnì overlock pa ojú ìrán ẹ̀ dé, gígé nìyẹn, owó ẹ̀ ò gbọdọ̀ pọ̀. Èyí tí wọ́n hun bí ara ṣe rí, ẹ wo ibi tí apá ti pàdé èjìká, ẹ ó rí àwọn ojú híhun kékèèké tó dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí wọ́n tò tẹ̀léra bí ilà ojú. Ibi tí wọ́n ti ń dín ojú kù nìyẹn, ó ń gba àsìkò, òun ló sì ń jẹ́ kó jókòó lára. Lẹ́yìn náà ẹ fa etí ọwọ́ ẹ̀, kẹ́ ẹ jù ú sílẹ̀. Tó bá padà síbi tó wà, ó dáa. Tó bá yanu sílẹ̀, ẹ gbé e padà síbi tẹ́ ẹ ti mú un.

Ohun tí mo tún fẹ́ sọ ni pé èyí tó bá ń rọ̀ rìrà rìrà ní ṣọ́ọ̀bù, òun ni mo máa ń sá fún. Irun kúkurú ló sábà máa ń wà nínú ẹ̀, wọ́n ti fọ̀ ọ́ kí irun ẹ̀ lè yọ síta, ẹ ó wọ̀ ọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe kókó lábẹ́ apá bí ẹni tó ní eéwo. Èyí tó bá gan díẹ̀, ó máa ń rọ̀ bó bá ṣe ń pẹ́ sí i.

Aláìgbàgbọ́
Ta ló ń wọ súwẹ́tà ní Nàìjíríà?

Ìyá_Súwẹ́tà
Àwọn tó ń jí ní aago márùn-ún nígbà ọyẹ́, ọmọ mi. Àtàwọn tí AC ọ́fíìsì ń pa.

Ọmọ_Ìṣẹ́yìn
Àgùntàn tiwa náà ńkọ́, mà, kí ló dé tá ò lè rẹ́ irun wọn ká fi hun nǹkan?

Ìyá_Súwẹ́tà
Irun wo? Irun ara wọn ò ju ti ajá lọ. Ẹran lásán ni Ọlọ́run dá tiwa fún.

Ọ̀rẹ́_Aláṣọ
Iléyá ń gbọ́ o.

Àkàndé_Bódìjà
Mo ti padà dé. Ọ̀rọ̀ Télọ̀_Mushin ò jẹ́ n lè sùn. Mo délé bàbá mi lónìí, mo ṣí wọ́dúróòbù wọn, kóòtù eérú kan wà níbẹ̀ tí wọ́n rán kí wọ́n tó bí mi. Mo fi ìka mú un nísàlẹ̀ bọ́tìnnì. Nǹkan kẹta wà níbẹ̀ o! Ó ń rìn lóun nìkan! Àyà ẹ̀ ò lé ròrò kankan, kòkòrò ló kàn jẹ ẹ́ díẹ̀ lábẹ́ kọ́là.

Ará_Leeds
Ó bá ẹ mu? Èjìká ńkọ́?

Àkàndé_Bódìjà
Èjìká bọ́ sí i gẹ́lẹ́. Mo fẹ̀gbẹ́ kọ ògiri. Apá ẹ̀ ló kúrú.

Télọ̀_Mushin
Ẹ yí etí apá ẹ̀ síta, ẹ wò ó bóyá aṣọ ṣẹ́kù nínú ẹ̀.

Àkàndé_Bódìjà
Íǹṣì kan àtààbọ̀.

Télọ̀_Mushin
Ẹ gbé e bọ̀.

Aláìgbàgbọ́
Ẹ bi í pé Fúráìdé wo.