Báwo ni a ṣe lè bá ẹbí sọ̀rọ̀ lórí àrùn mẹ́dọ̀wú C?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń ta mọ́ínmọ́ín nílùú Iléṣà, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí àwọn aládùúgbò ti gbọ́ pé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fi àrùn mẹ́dọ̀wú C hàn lára wọn, àwọn oníbàárà ti sá, àwọn ará ilé ọkọ wọn pàápàá sì ti ya abọ́ àti ife wọn sọ́tọ̀. Bẹ́ẹ̀ ẹ̀jẹ̀ ni àrùn yìí ń bá rìn. Kì í ti ara oúnjẹ, omi tàbí ìdìmọ́ra ranni. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù ni pé ìtìjú kò jẹ́ kí wọ́n padà sí ilé ìwòsàn mọ́, nígbà tó jẹ́ pé oògùn oníhóró tí à ń lò fún ọ̀sẹ̀ 8 sí 12 ń wo iye tó lé ní 95 sàn nínú 100 ènìyàn.

Ta ni ẹ rán sí ẹbí tiyín tí wọ́n fi gbọ́: nọ́ọ̀sì ni, àbí àgbà ìjọ? Níwọ̀n bí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àkọ́kọ́ yẹn, tó ń wá èròjà tí ara fi ń bá àrùn náà jà, ṣe lè máa fi àmì yẹn hàn lẹ́yìn tí ènìyàn ti rí ìwòsàn, ìwé wo ni ẹ fi han àwọn tó ń ṣiyèméjì pé àrùn náà ti lọ?