Ọkọ̀ òfuurufú kékeré wa ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ rìmóòtù

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ní pápá tí a ti ń fo ọkọ̀ onírìmóòtù ní Badagry, ọ̀kan nínú wọn, oníbátìrì LiPo 3S (bátìrì lithium oní-sẹ́ẹ̀lì mẹ́ta), kì í gbọ́ràn fún ìṣẹ́jú àáyá kan nígbà tó bá yí kíákíá. A ti pààrọ̀ bátìrì, a ti da eriali méjèèjì ti receiver (ẹ̀rọ inú ọkọ̀ tó ń gba àṣẹ rìmóòtù) dábùú ara wọn. Lórí ilẹ̀, rédíò 2.4 GHz tó so ó mọ́ rìmóòtù ń ṣiṣẹ́ dáadáa.

BEC (ẹ̀rọ tó ń dín agbára iná bátìrì kù), tó ń fún servo (mọ́tò kékeré tó ń yí apá ìdarí ọkọ̀) ní 5V, ni mo fura sí, àmọ́ afẹ́fẹ́ oníyọ̀ etí òkun lè ti mú ẹnu wáyà dípẹtà. Mítà ọwọ́ mi kò yára tó láti rí iná tó já wálẹ̀ lójijì. Àwọn ọmọdé máa ń wá wòran, nítorí náà a ò ní fò ó báyìí.

Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni mo ṣe lè mọ̀ lórí ilẹ̀ bóyá BEC ni àbí ẹnu wáyà, kí n tó ra tuntun?