Ojú ìyá mi fẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n tuntun, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí

Ọmọ Aládìrẹ:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ìyá mi ṣe ọjọ́ ìbí àádọ́rin ọdún ní Abẹ́òkúta ní 2005, VCD méjì ni fídíò rẹ̀. Lórí tẹlifíṣọ̀n onídìí ńlá tí a ní tẹ́lẹ̀, kò sí wàhálà kankan. Pẹlẹbẹ 32 ínǹṣì ni a ń lò báyìí, gbogbo èèyàn inú fídíò náà ló sì di kúkurú, tí ojú wọn fẹ̀ bẹẹrẹ. Táyà ọkọ̀ tó gbé màmá dé ibi òde ti di ẹyin tí wọ́n fi lélẹ̀.

Ìyá mi ga, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́. Ọrùn gígùn rẹ̀ ni wọ́n fi ń dá a mọ̀ ní ọjà Ìtòkú. Ẹ̀yìn tí màmá lọ tán ni mo bí ọmọ mi obìnrin. Ó wo fídíò náà lọ́jọ́ Àìkú, ó ní, "Ṣé bí màmá àgbà ṣe sanra tó nìyí?" Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí dọ́kàn. Ohun tó bá rí níbẹ̀ ni yóò mú pé ìyá mi jẹ́.

Wáyà yẹ́lò, pupa àti funfun ni mo fi so ẹ̀rọ DVD mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Kí ni kí n ṣe?

Bọ̀dá Ṣágámù:
Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ẹ wá bọ́tìnì tí wọ́n kọ Aspect tàbí P.Size sí lára rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n. Ẹ máa tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi kan Zoom. Ohun tí mo ṣe ní tèmi nìyẹn.

Ọmọ Aládìrẹ:
Ẹ ṣeun sà. Mo tẹ̀ ẹ́. Ojú wọn gún lóòótọ́, ṣùgbọ́n gèlè ìyá mi ti lọ, ẹsẹ̀ àwọn tó ń jó náà ò hàn. Ibi tí wọ́n ti ń lẹ owó mọ́ ọn níwájú orí, a ò rí owó, a ò rí iwájú orí.

Onírédíò Dùgbẹ̀:
Ẹ kú àṣẹ̀yìndè màmá o. Ẹ fi Zoom sílẹ̀, mà. CD yín ò ní àrùn kankan. 4:3 ni àwòrán VCD: tí ó bá fẹ̀ ní mẹ́rin, á ga ní mẹ́ta. Tẹlifíṣọ̀n yín, 16:9 ni. Tí ó bá fa àwòrán náà kan etí méjèèjì, yóò fi ìdá kan nínú mẹ́ta fẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ta ni wọ́n máa fà báyẹn tí kò níí sanra?

Bọ́tìnì yẹn náà ni kí ẹ tẹ̀, ṣùgbọ́n orí 4:3 ni kí ẹ ti dúró. Dúdú yóò wà lọ́tùn-ún lósì. Ojú 32 ínǹṣì fẹ̀ tó nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 71, ó ga tó 40. 53 péré ni fídíò màmá máa gbà nínú fífẹ̀ yẹn. Ó ku bíi 9 lápá kọ̀ọ̀kan. Àwọn oníbàárà mi máa ń bínú pé mo dín tẹlifíṣọ̀n wọn kù. N ò dín nǹkan kan kù. Kámẹ́rà ò yà ju ibẹ̀ lọ.

Onífídíò Òde:
Òótọ́ lẹ sọ, ẹ̀gbọ́n. Ẹ jẹ́ kí n fi ti DVD kún un, torí iṣẹ́ mi ni. DVD tí a ń ṣe níbí, ẹyọ àwòrán 720 ní fífẹ̀ lórí ìlà 576 ní gíga ni, ì báà jẹ́ 4:3, ì báà jẹ́ 16:9. Àmì kan ló wà nínú rẹ̀ tó ń sọ fún ẹ̀rọ bí yóò ṣe tẹ́ àwòrán náà. Ẹ wọ Setup lórí ẹ̀rọ DVD, kí ẹ wo TV Display. Tí ó bá wà ní 4:3 LB tàbí 4:3 PS, ẹ̀rọ yẹn ṣì rò pé tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ lẹ ní. Tí ẹ bá wá fi fíìmù tó fẹ̀ sí i, LB á fi dúdú sókè sísàlẹ̀, ìlà 432 péré ló máa kù fún àwòrán nínú 576; PS ní tirẹ̀ á gé ẹ̀gbẹ́ dànù. Ẹ gbé e sí 16:9, kí ẹ fi í síbẹ̀, kí ẹ máa fi rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n yan èyí tó bá kàn.

Ohun kan wà tó ń dùn mí. Àwọn kan máa ń fa fídíò àtijọ́ kó lè kún ojú tẹlifíṣọ̀n, wọ́n á sì kọ ọ́ sórí fláàṣì bẹ́ẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n ṣe ti màmá báyẹn o.

Àbúrò Peckham:
Níbí ní London, SCART, wáyà àtijọ́ ẹlẹ́sẹ̀ púpọ̀ tó ń so ẹ̀rọ mọ́ tẹlifíṣọ̀n, ni mo ń lò tẹ́lẹ̀. Ẹsẹ̀ kẹjọ wáyà yẹn ló ń gbé àmì náà, nǹkan bíi volt 6 fún 16:9, 12 fún 4:3, tẹlifíṣọ̀n á sì yí ara rẹ̀. HDMI, wáyà ìgbàlódé, ló yọ mí lẹ́nu. Ẹ̀rọ mi ń fi àwòrán onílà 1080 (1080i) ránṣẹ́, bọ́tìnì 4:3 ò dáhùn. Mo sọ ọ́ di onílà 576 (576p) nínú Setup, ó sì gbà.

Ọmọ Aládìrẹ:
Ẹ̀yin ará, ó ti bọ́ sí i! Mo dá fídíò dúró níbi táyà yẹn, mo fi rúlà ọmọ mi wọ̀n ọ́n: sẹ̀ǹtímítà 9 ní fífẹ̀, 9 ní gíga. Mo dá a padà sí 16:9, ó fẹ̀ di 12.

Ọmọ mi ní ọrùn òun náà gùn bíi ti màmá àgbà. Ó gùn lóòótọ́.

Lọ́jọ́ Sátidé, n ó gbé CD méjèèjì lọ kí wọ́n bá mi kó wọn sórí fláàṣì. Mo ti kọ 4:3 gàdàgbà sára páálí wọn.